Àṣìṣe òṣìṣẹ́ ni, àbí ẹ̀rọ ni kò ro ti èèyàn? Ìbéèrè tó yẹ kí Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ bi àwọn tó ń wa epo

Iṣẹ́ àkàbà lásán ni. Lọ́jọ́ 7, oṣù Keje, ọdún 2020, àwọn òṣìṣẹ́ kan wà lórí Odò Benin ní ìpínlẹ̀ Delta, tó bá ìpínlẹ̀ Ondo pààlà. Wọ́n ń já àkàbà kan sílẹ̀, wọ́n fẹ́ fi í sí ibùdó fáàfù tó jẹ́ ti epo Gbetiokun, kí òṣìṣẹ́ lè máa rí nǹkan gùn dé ibẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n wà tí nǹkan fi bú gbàmù. Èèyàn méje ló bá a lọ. Bí iléeṣẹ́ NNPC ṣe kéde rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wò ó dáadáa. Wọn ò gbẹ́ kànga tuntun lọ́jọ́ náà. Àkàbà ni wọ́n ń gbé, torí kí ọwọ́ èèyàn lè tó fáàfù, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń ṣí epo tí wọ́n sì fi ń tì í nínú páìpù.

Bí irú ìjàǹbá báyìí bá ti ṣẹlẹ̀, ohun tí gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ta ló ṣe àṣìṣe?" Àmọ́ ó ti lé ní 70 ọdún tí àwọn onímọ̀ kan ti ń béèrè ìbéèrè mìíràn tó ṣáájú ìyẹn: ta ló ya àwòrán ibẹ̀, ṣé ó sì ro ti èèyàn tó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́ ọn kó tó kọ́ ọ?

Kí ló kan Òde-Ìrèlè nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Òde-Ìrèlè kò sí létí òkun. Iṣẹ́ oko ni ọ̀pọ̀ èèyàn ibẹ̀ ń ṣe, bí ẹnikẹ́ni bá sì dárúkọ epo nílẹ̀ Ìkálẹ̀, epo pupa ló máa kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Àmọ́ epo rọ̀bì náà ò jìnnà sí wọn.

Àwọn aládùúgbò wọn ní Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò ni epo rọ̀bì ìpínlẹ̀ Ondo ti ń jáde. Ní ọdún 2020 yìí kan náà, kànga kan tí wọ́n ń pè ní Ororo-1, tó wà lójú omi tó kọjú sí Awoye ní Ìlàjẹ, tú nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ó sì gbiná. Ọ̀pọ̀ ọdún ni iná náà fi ń jó lójú omi, tí àwọn apẹja ń wò ó.

Nígbà tó tún di oṣù Kejì ọdún 2022, ọkọ̀ ojú omi ńlá tí wọ́n fi ń tọ́jú epo, Trinity Spirit, bú gbàmù ní Ukpokiti. Ọdún 1976 ni wọ́n ti kan ọkọ̀ náà. Òṣìṣẹ́ 10 ló wà nínú rẹ̀, díẹ̀ nínú wọn ló sì yè é.

Lábẹ́ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀dà wà níbẹ̀, ìyẹn bitumen tí wọ́n fi ń ṣe títì. Láti Àgbábù títí dé agbègbè Ìrèlè ló wà. Láàárín ọdún 1908 sí 1914 ni iléeṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation ti kọ́kọ́ gbẹ́ ilẹ̀ agbègbè yìí wò. Láti ìgbà náà, ìjọba kan ò lọ kí òmíràn má dé pẹ̀lú ìlérí pé àwọn máa wú ọ̀dà náà jáde.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn wọ́n. Àwọn ọmọ Ìkálẹ̀ ń lọ ṣiṣẹ́ lórí omi, àwọn míì ń kẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà, ilẹ̀ wọn náà sì lè di ibi iṣẹ́ lọ́la. Bí wọ́n bá ṣe ya àwòrán iléeṣẹ́ náà ló máa sọ bóyá ọmọ tó jáde láàárọ̀ máa wọlé lálẹ́.

Télọ̀ kì í gé aṣọ kó tó wọn èèyàn

Ìmọ̀ tí à ń sọ yìí ni àwọn òyìnbó ń pè ní human factors engineering. Orúkọ rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n kò le láti yé èèyàn. Télọ̀ tó bá mọṣẹ́, ìwọ̀n ló kọ́kọ́ máa gbà kó tó fa sísọ́ọ̀sì yọ. Bó bá gé aṣọ tán tí kò bá oníbàárà mu, kò lè sọ pé ara oníbàárà ló jẹ̀bi.

Ohun tí ìmọ̀ yìí sọ nípa ẹ̀rọ náà nìyẹn. Wọn èèyàn kó o tó ya àwòrán. Báwo ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe gùn tó? Kí ni ojú rẹ̀ lè rí lóru? Nǹkan mélòó ni ọpọlọ rẹ̀ lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà bí àyà rẹ̀ bá ń já? Báwo ló ṣe máa rí lẹ́yìn wákàtí 12 lẹ́nu iṣẹ́? Lẹ́yìn náà ni kó o wá ṣe ẹ̀rọ tó bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ mu.

Nígbà ogun àgbáyé kejì ni wọ́n ti rí i kedere. Àwọn awakọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà kan tó ń wa bàálù B-17 máa ń balẹ̀ tán láyọ̀, wọ́n á wá fa ọ̀pá tó ń ká táyà wọlé, bàálù á sì fi ikùn lélẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ pè é ní àṣìṣe awakọ̀. Alphonse Chapanis, tó jẹ́ onímọ̀ nípa ìhùwàsí èèyàn, lọ wo inú bàálù náà. Ó rí i pé ọ̀pá tó ń ká táyà àti ọ̀pá tó wà fún ìyẹ́ jọra bí ìbejì, wọ́n sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ohun tó ṣe ni pé ó fi rọ́bà tó rí bíi táyà sórí ọ̀kan, ó sì fi ohun tó rí bí ìyẹ́ sórí ìkejì. Ọwọ́ á ti mọ èyí tó dì mú kí ojú tó wò ó. Kò sí awakọ̀ kankan tí wọ́n ní láti lé lọ kí àṣìṣe yẹn tó dópin.

Ẹ̀rọ tó ń parọ́ fún ojú

Bó ṣe rí níbi epo náà nìyí. Lọ́jọ́ 23, oṣù Kẹta, ọdún 2005, iléeṣẹ́ ìfọpo BP tó wà ní Texas City lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà bú gbàmù. Èèyàn 15 kú, 180 fara pa.

Wọ́n ń rọ epo sínú ilé gogoro irin kan tó ga tó 170 ẹsẹ̀ bàtà. Ohun tí wọ́n fi ń wọn ìwọ̀n epo inú rẹ̀ kò lè kà kọjá nǹkan bí 10 ẹsẹ̀ bàtà nísàlẹ̀. Epo ti gòkè kọjá 100 ẹsẹ̀ bàtà, ẹ̀rọ ṣì ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé kò tíì pé 10, àti pé ó tún ń lọ sílẹ̀. Ojú kan lára kọ̀ǹpútà ló ń fi epo tó ń wọlé hàn, ojú mìíràn ló ń fi èyí tó ń jáde hàn, torí náà kò sí ibi kan tí èèyàn ti lè fi wéra kó sọ pé, "Ẹ dákun, èyí tó ń wọlé ti pọ̀ jù!"

Ọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà náà ti ṣiṣẹ́ oníwákàtí 12 fún ọjọ́ 29 láìsinmi lọ́jọ́ kan. Bí a bá ní òun ló jẹ̀bi, òótọ́ ni pé ọwọ́ rẹ̀ ló wà nídìí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló gbé géèjì tó ń parọ́ síwájú rẹ̀? Ta ló kọ orúkọ rẹ̀ sí iṣẹ́ fún ọjọ́ 29?

Àláàmù 275 láàárín ìṣẹ́jú 11

Ojú nìyẹn. Etí náà ní ìwọ̀n. Lọ́jọ́ 24, oṣù Keje, ọdún 1994, ààrá sán lu agbègbè iléeṣẹ́ ìfọpo Texaco ní Milford Haven, nílẹ̀ Wales, ó sì da iṣẹ́ ibẹ̀ rú. Fáàfù kan ti pa dé, kọ̀ǹpútà sì ń sọ pé ó ṣí. Àwọn òṣìṣẹ́ bá a jìjàkadì fún nǹkan bíi wákàtí márùn-ún. Láàárín ìṣẹ́jú 11 tó kẹ́yìn kí páìpù tó bẹ́, àláàmù 275 ló dún sétí òṣìṣẹ́ méjì.

Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Àláàmù 25 láàárín ìṣẹ́jú kan. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ wà láàárín wọn, àmọ́ kò sí etí tó lè yọ ọ́. Bí gbogbo ilé ládùúgbò bá ń ké "olè, olè" nítorí adìyẹ tó kọjá, ta ló máa jáde lọ́jọ́ tí olè dé lóòótọ́? Èèyàn 26 ló fara pa, torí ọjọ́ Sunday ni, àwọn òṣìṣẹ́ kò pọ̀ níbẹ̀. Ká ní ọjọ́ Monday ni, ìtàn míì là bá máa sọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn elépo gbà pé ẹni tó bá ń fi àláàmù sí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdí tó fi wà àti ohun tí òṣìṣẹ́ máa ṣe bó bá dún. Bí kò bá sí ohun tó máa ṣe, kí wọ́n yọ ọ́.

Ìwé tí ẹni tó wọṣẹ́ lálẹ́ kò rí

Piper Alpha ni ìjàǹbá tó burú jù nínú ìtàn iṣẹ́ epo lójú òkun. Lálẹ́ ọjọ́ 6, oṣù Keje, ọdún 1988, èèyàn 167 ló kú níbẹ̀, nínú òkun tó wà lẹ́bàá Scotland.

Ní ọ̀sán, wọ́n yọ fáàfù ààbò kan kúrò lára pọ́ńpù láti tún un ṣe, wọ́n sì fi irin pẹlẹbẹ bo ojú ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ilẹ̀ ṣú, iṣẹ́ kò tíì parí. Ìwé tó sọ pé fáàfù kò sí níbẹ̀ wà níbì kan, ìwé iṣẹ́ pọ́ńpù fúnra rẹ̀ wà níbòmíràn. Àwọn tó wọṣẹ́ lálẹ́ kò rí ti fáàfù. Nígbà tí pọ́ńpù kejì kú, wọ́n tan èyí tí kò ní fáàfù. Gáàsì tú jáde, iná ràn.

Kò tán síbẹ̀. Ilé tí òṣìṣẹ́ ń sùn sí kò jìnnà sí ibi tí gáàsì wà, ògiri tí wọ́n fi dáàbò bo ara wọn sì jẹ́ èyí tó lè dá iná dúró, kò lè dá ìbúgbàmù dúró. Ẹni tó ya àwòrán ibẹ̀ ti pinnu ibi tí èèyàn máa sá gbà, ó ti pé ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó nílò àtisá. Ìwádìí tí adájọ́ Cullen ṣe mú àbá 106 wá, wọ́n sì yí òfin iṣẹ́ epo ojú òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì padà pátápátá.

Ẹni tí à ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi

Òde-Ìrèlè mọ bó ṣe ń rí kí àjálù dé kí èèyàn má sì mọ ohun tó fà á. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì nílùú náà. Ojú wọn á fọ́, orí á fọ́ wọn, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi kú. Ó kéré tán èèyàn 17 ló bá a lọ. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Àwọn kan ní oògùn apakòkòrò ni. Ìgbà tí àyẹ̀wò jáde ni wọ́n rí i pé methanol ló wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Lójú àti lẹ́nu, methanol àti ọtí gidi jọra, kò sí bí ẹni tó ń mu ún ṣe lè mọ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀bi tí a bá kọ́kọ́ rí kì í sábà jẹ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Bí ohun tó lè pani bá jọ ohun tí kì í pani, kí á má sọ pé ẹni tó ṣì í mú ni kò ṣọ́ra.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílẹ̀ Australia. Iléeṣẹ́ gáàsì Esso ní Longford bú gbàmù lọ́jọ́ 25, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1998, èèyàn méjì kú. Esso ní àwọn òṣìṣẹ́ ló jẹ̀bi. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ wádìí rẹ̀, wọ́n ní rárá o. Iléeṣẹ́ ni kò kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà ní ohun tó yẹ kí wọ́n mọ̀, òun náà ló kó àwọn ẹnjiníà rẹ̀ kúrò níbẹ̀ lọ sí Melbourne.

Ṣé a wá ń sọ pé òṣìṣẹ́ kì í jẹ̀bi ni? Rárá. Ẹni tó bá tan sìgá níbi tí gáàsì wà, tàbí tó bẹ́ páìpù láti jí epo, ẹ̀bi rẹ̀ kò ṣeé fi pa mọ́. Àmọ́ kò sí ìyá tó bí ẹni tí kì í gbàgbé, tí kì í rẹ̀, tí kì í ṣi nǹkan rí. Iléeṣẹ́ tí kò bá lè fara da àṣìṣe ẹnì kan ṣoṣo láìjóná, ilé tí wọ́n fi itọ́ mọ ni. Ìrì ló máa wó o.

Ohun tó jẹ́ tiwa

Ọ̀pọ̀ àwòrán iléeṣẹ́ epo tí wọ́n ń lò nílẹ̀ wa, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti yà á. Ohun mẹ́ta wà tí ẹni tó ń ya àwòrán níbẹ̀ lè má rò.

Àkọ́kọ́ ni ooru. Ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́ nípọn, ìbọ̀wọ́ àti akoto lábẹ́ oòrùn oṣù Kẹta ní Ìlàjẹ kò lè dúró pẹ́ bí ẹni tó wà nílẹ̀ òtútù. Bí fáàfù bá gba ogójì ìgbà kéèyàn yí i kó tó dé, tí kò sì sí ibòji lórí rẹ̀, ó máa wù ú kó yí i dé ìdajì kó fi í sílẹ̀.

Èkejì ni èdè. Àmì ìkìlọ̀ tó gùn bí ìwé òfin, tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, kò wúlò fún lébìrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láàárọ̀. Àwọ̀, àwòrán àti ibi tí wọ́n gbé nǹkan sí gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò kàwé.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀wọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ọmọdé kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. Ó dára nílé. Lórí rìgì, ó lè pa èèyàn. Bí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ bá rí i pé géèjì ń gòkè, ṣé ó lè sọ fún ọ̀gá tó dàgbà ju bàbá rẹ̀ lọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná"? Ìlànà tó dáa ni kí iléeṣẹ́ sọ ọ́ di àṣẹ pé ẹnikẹ́ni lè dá iṣẹ́ dúró láìsí pé wọ́n máa lé e. Yorùbá kúkú ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ìgbà wo ni kí ìlú béèrè?

Ìgbà tí iléeṣẹ́ ṣì wà lórí ìwé ni. Àtinú ìwé pa ìlà kan rẹ́, kéèyàn sún fáàfù sísàlẹ̀ níbi tí ọwọ́ ti lè tó o, kò ná ju wákàtí díẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ti fi irin jó o mọ́lẹ̀ tán, tí epo ti ń gba inú rẹ̀, owó ńlá ni, nígbà míì ẹ̀mí ni. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ àwọn elépo lágbàáyé, IOGP, fi gbé ìwé ìlànà kan jáde ní ọdún 2011, Report 454, pé láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni kí wọ́n ti ro ti èèyàn mọ́ ọn.

Òfin ilẹ̀ wa náà ṣí ilẹ̀kùn. Òfin àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lórí àyíká, EIA, ti ọdún 1992 sọ pé kí wọ́n tó fọwọ́ sí iṣẹ́ ńlá bíi ti epo, aráàlú gbọ́dọ̀ láǹfààní láti sọ èrò wọn. Òfin epo rọ̀bì, PIA, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, gbé àjọ NUPRC kalẹ̀ fún wíwa epo, ó sì gbé NMDPRA kalẹ̀ fún gáàsì àti epo tí wọ́n ń gbé kiri tí wọ́n sì ń tà. Ó tún ní kí iléeṣẹ́ tó ń wa epo máa yọ ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ná sórí iṣẹ́ lọ́dún tó ṣáájú fún ìlú tó gbà wọ́n lálejò.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí ìpàdé bá ti dé, owó yẹn nìkan ni ọ̀pọ̀ máa ń bá lọ: ta ló máa gba kọńtírákì, ọmọ mélòó ni wọ́n máa gbà síṣẹ́? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àmọ́ àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí àwọn ọba, olóyè àti ọ̀dọ́ tó bá jókòó sírú ìpàdé bẹ́ẹ̀ fi ìwọ̀nyí kún un:

Ṣé gbogbo fáàfù tí wọ́n máa fi pa epo tàbí gáàsì bí wàhálà bá dé ni ọwọ́ èèyàn lè tó láti ilẹ̀, láìgun nǹkan, láìgba àárín iná kọjá?

Wákàtí mélòó ni òṣìṣẹ́ máa ń ṣe lóòjọ́, ọjọ́ mélòó ló sì máa ṣe kó tó sinmi?

Báwo ni ẹni tó ń lọ sílé ṣe máa fa iṣẹ́ lé ẹni tó ń wọlé lọ́wọ́, kí ohun tó ń lọ lọ́wọ́ má baà fara sin?

Ibo ni wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìsùn àti ọ́fíìsì sí? Bí iná bá ràn láti apá kan, ọ̀nà mìíràn wà láti sá?

Àwọn òṣìṣẹ́ tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, ṣé wọ́n fi àwòrán náà hàn wọ́n, kí wọ́n sọ ibi tó kù sí?

Kò dìgbà tí iléeṣẹ́ ńlá bá dé. Àwọn tó ń ta gáàsì ìdáná láàárín ìlú ní Òde-Ìrèlè àti Òkìtìpupa náà ń bójú tó ohun tó lè pani. Lọ́jọ́ 8, oṣù Kẹwàá, ọdún 2020, ibùdó gáàsì kan bú gbàmù ní Baruwa, l'Ékòó, láàárín ilé àwọn èèyàn, ẹ̀mí sì ṣòfò. Oníbàárà tó bá lọ ra gáàsì lè wo ibi tí wọ́n ti lè pa á. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn táńkì náà ni, tí ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ iná kọjá kó tó dé ibẹ̀, kí wọ́n sọ fún un.

Ní Odò Benin lọ́dún 2020, àwọn méje jáde nílé láàárọ̀ torí àkàbà. Bí ọwọ́ èèyàn bá máa dé ibì kan, inú ìwé àwòrán ló ti yẹ kí àkàbà ti wà.